Ìgbì Ẹ̀yìn Ọkọ̀

Ibi tí pùròpẹ́là wà ni kí èèyàn kọ́kọ́ wò. Kó tó béèrè iye tí wọ́n ń ta ọkọ̀, kó tó jókòó sórí àga aláwọ tó ń dán, kó tó ní kí wọ́n tan rédíò kí òun gbọ́ bó ṣe ń dún, kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ọkọ̀ náà, kó wo ibi tí irin alábẹ tó ń yí nínú omi yẹn wà. Bó bá yọ sẹ́yìn gbangba, ọkọ̀ yẹn lè gbé èèyàn dé ibi tó ń lọ, ó lè gbé ẹja, ó lè gbé yanrìn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun ìgbì lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí mo tẹnu mọ́ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn nígbà tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dáwó jọ láti ra ọkọ̀ àlòkù kan nítòsí Conroe, lápá àríwá Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Mo lọ kí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, mo sì bá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí nílé. Wakesurf ni wọ́n fẹ́ máa ṣe. Ọkọ̀ á máa lọ jẹ́jẹ́, èèyàn á dúró lórí pákó lẹ́yìn rẹ̀, ìgbì tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń dá sílẹ̀ ni yóò máa tì í lọ. Okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Tó bá ti rí ẹsẹ̀ walẹ̀, á ju okùn náà sínú ọkọ̀, á wá ku òun àti omi.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Àǹtí mi, ṣé wọ́n ń wa ọkọ̀ ojú omi ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ni?"

Wọn kì í wa ọkọ̀ ojú omi ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, nílùú Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bá tọ́ dàgbà ní àdúgbò tiwa, níbi tí ilẹ̀ ti ń dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ láti òkè Màpó, mọ omi tí ẹlòmíràn ti lò tán. Òjò tó bá rọ̀ lórí òkè kì í dúró lórí òkè. Ó ń gba Ojà'ba kọjá, ó ń gba gọ́tà, ó ń gba àárín ilé sí ilé, ó ń ru erùpẹ̀ pupa, eérú àti ọ̀rá omi tútù, ó ń wá odò Kúdẹtì lọ tàbí kó wá odò Ògùnpa lọ. Ẹni tó da ìdọ̀tí sínú gọ́tà lókè kì í rí ilé tí ìdọ̀tí náà wọ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa kún kọjá ààlà, ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbé èèyàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya bo ìlú, adágún Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnya, afárá wó, ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì bá a lọ. Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé, bí wọ́n bá fi ohunkóhun tó ń rú omi hàn mí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Mo fẹ́ mọ ẹni tó wà níbẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ wà lẹ́yìn ọkọ̀ wakesurf ni ẹni tó ń gun ìgbì. Ó sún mọ́ ọkọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Bó bá mọ̀ ọ́n ṣe díẹ̀, ó lè fi mítà méjì tàbí mẹ́ta péré jìnnà sí ìdí ọkọ̀, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnì Yamaha tí a mọ̀ lórí ọ̀sà Èkó, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀, kò fi yẹ fún iṣẹ́ yìí. Kò sí àléébù kankan nínú iṣẹ́ tirẹ̀. Ó rọrùn láti tún ṣe, awakọ̀ sì lè gbé e sókè bí omi kò bá jìn. Àmọ́ abẹ rẹ̀ ń yí lẹ́yìn ọkọ̀, níbi tí ẹni tó ṣubú yóò já sí gan-an. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún wakesurf ní ẹ́ńjìnì nínú, pùròpẹ́là rẹ̀ sì wà lábẹ́ ikùn ọkọ̀, níwájú irin tí wọ́n fi ń tọ́ ọ, tí ara ọkọ̀ àti pèpéle ẹ̀yìn rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Volvo Penta tún gbé irú mìíràn jáde ní 2015 tí pùròpẹ́là rẹ̀ dojú kọ iwájú lábẹ́ ọkọ̀. Èyí tó bá ti yàtọ̀ sí irú méjèèjì yìí, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn. Àwọn ọmọ wa ti rí ọ̀kan tó dán, tí owó rẹ̀ sì rọjú, ṣùgbọ́n abẹ rẹ̀ wà lẹ́yìn. Mo dúpẹ́ pé wọ́n gbọ́.

Lẹ́yìn abẹ, èéfín ló kàn. Ẹ́ńjìnì tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ ń tú carbon monoxide jáde nídìí ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn láìsí ariwo. Ní Amẹ́ríkà, kí wakesurf tó gbilẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń di pèpéle ẹ̀yìn ọkọ̀ mú kí ọkọ̀ máa wọ́ wọn lórí ìgbì, wọ́n ń pè é ní teak surfing. Orí wọn wà ní ibi tí èéfín ti ń jáde gẹ́lẹ́. Àwọn kan nínú wọn dákú sínú omi, wọn kò sì jí mọ́. Ìjọba California ṣe òfin ní 2004 láti fòpin sí i. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ jókòó sórí pèpéle yẹn bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, títí kan ọmọdé tó fẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ omi. Bí ẹni tó wà lẹ́yìn bá ti ṣubú tí ọkọ̀ sì pa dà lọ gbé e, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnì kó tó fọwọ́ kan àkàbà.

Ibi tó wá yà mí lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ ẹrù. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí Ẹbúté-Èrò rí mọ ohùn awakọ̀ pé kí oníkálukú jókòó dáadáa, kí wọ́n má ṣe kó sápá kan. Ọkọ̀ tó bá fì, ewu ni. Àmọ́ wakesurf ń fẹ́ kí ọkọ̀ rì díẹ̀ nídìí, kó sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ìdí ọkọ̀ bá ṣe wúwo tó ni kòtò tó ń gbẹ́ sínú omi ṣe ń jìn tó. Omi ọ̀tún àti ti òsì á wá sáré láti dí kòtò náà, ibi tí wọ́n ti pàdé ni ìgbì ti ń dìde. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá wúwo ju èkejì lọ, ìgbì ẹ̀gbẹ́ náà á ga, á mọ́, á sì gùn débi pé èèyàn lè dúró lé e. Àwọn ọkọ̀ tuntun ti ní ohun tó ń ṣe iṣẹ́ yìí láìjẹ́ pé ọkọ̀ tẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Malibu gbé tirẹ̀ jáde ní 2012: ilẹ̀kùn kékeré kan nídìí ọkọ̀ tó ń ṣí síta ní ẹ̀gbẹ́ kejì, tó ń dá omi ibẹ̀ dúró díẹ̀ kó má tètè dé.

Ọkọ̀ tí àwọn ọmọ wa rà kò ní irú ilẹ̀kùn yẹn, nítorí náà ẹrù ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣe é, omi sì ni ẹrù náà. Àpò rọ́bà ńláńlá ni wọ́n ń tẹ́ sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, wọ́n á fi pọ́ńpù fa omi adágún sínú wọn, tí wọ́n bá ti ṣeré tán wọ́n á dà á nù. Lítà omi kan jẹ́ kìlógíráàmù kan. Táńkì GeePee onílítà 1,000 tí a máa ń gbé sórí irin nínú ọgbà, tọ́ọ̀nù kan gbáko ni nígbà tó bá kún, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wakesurf sì ń gbé ju ìyẹn lọ. Kí wọ́n fi èyí tó pọ̀ sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n fẹ́ gùn, kí wọ́n sì fi díẹ̀ síwájú. Ẹrù ẹ̀yìn ló ń mú ìgbì ga, ẹrù iwájú ló ń mú un gùn. Èèyàn náà ẹrù ni. Bí ọ̀rẹ́ méjì bá ṣí kúrò lápá òsì lọ sápá ọ̀tún, ẹni tó wà lórí omi á mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àmọ́ irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n kàn mọ́ ọkọ̀, tí wọ́n kọ iye ìwúwo tó lè gbà sí lára. Omi inú àpò wà nínú iye yẹn, àwọn èèyàn náà wà níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀ sórí ìwé kí ọkọ̀ tó kúrò létí omi, wọ́n sì ṣe é níwájú mi.

Ẹ̀gbẹ́ wo ni kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí? Ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ gùn ún ló máa sọ. Bí ẹsẹ̀ òsì bá ni yóò wà níwájú, ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀ ló dára fún un, kó lè kọjú sí ìgbì dípò kó kẹ̀yìn sí i. Bí ó bá jẹ́ ọ̀tún, kí wọ́n kó ẹrù sápá ọ̀tún. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀, kó dúró, kí ẹlòmíràn tì í jẹ́jẹ́ látẹ̀yìn láìsọ fún un tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ tó bá kọ́kọ́ gbé síwájú láti fi gba ara rẹ̀ là ni.

Eré ọkọ̀ kò pọ̀: kìlómítà 16 sí 18 láàárín wákàtí kan. Bó bá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbì á pẹlẹ. Bó bá falẹ̀ jù, á fọ́ sí yẹ́bẹyẹ̀bẹ. Okùn rẹ̀ kò gùn, mítà mẹ́fà tàbí méje ti tó, kó nípọn, kó má ṣe fà bíi rọ́bà, kó sì má ní ibi ìdìmú tó fẹ̀ débi tí apá tàbí orí lè há sí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wé e mọ́ ọrùn ọwọ́.

Ọ̀rọ̀ pákó ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀, nítorí ojú ni gbogbo wọn fi ń yàn án. Irú méjì ló wà lọ́jà. Irú àkọ́kọ́ nípọn, ó ń léfòó dáadáa, ó sì ní lẹbẹ tó tóbi lábẹ́, méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn lẹbẹ yìí ló ń di omi mú kí pákó má yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Irú kejì fẹ́lẹ́, lẹbẹ rẹ̀ kéré, ó ń yọ̀, ó ń yí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn bá ti fẹ́. Èyí tó fẹ́lẹ́ ni àwọn ọmọ náà nífẹ̀ẹ́ sí, nítorí òun ni wọ́n ń rí nínú fídíò. Mo bi wọ́n pé ẹni tí kò tíì mọ bí a ṣe ń dúró, kí ló fẹ́ fi pákó tó ń yí ṣe? Ohun tó ń fẹ́ ni pákó tí yóò dúró dè é.

Ìwúwo ara ni wọ́n fi ń yan gígùn rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe pákó máa ń kọ ìwúwo tó lè gbé sára rẹ̀ tàbí sínú ìwé rẹ̀. Bí èèyàn bá wà láàárín ìwọ̀n méjì, kí akẹ́kọ̀ọ́ mú èyí tó tóbi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wọn kìlógíráàmù 90. Èyí tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, tó sì fẹ̀, ló yẹ ẹ́. Pákó tó tóbi ń tètè dìde sórí omi, ìgbì kékeré pàápàá lè tì í, ìyẹn ni pé wọn kò ní láti di ẹrù tó pọ̀ jù sínú ọkọ̀ nítorí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Èyí ṣe pàtàkì lójú mi ju bí wọ́n ṣe kà á sí lọ. Pákó tó bá ran èèyàn lọ́wọ́ ń dín omi àti epo kù. Kí ó sì jẹ́ èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀ tó le, tàbí èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ fóòmù, nítorí pákó akẹ́kọ̀ọ́ á forí sọ pèpéle ọkọ̀, á já sílẹ̀ lórí kọnkéré, á sì bá ẹni tó ni ín lórí. Èyí tó fẹ́lẹ́ tó sì lówó lórí á dúró de ọdún mìíràn.

Bí èèyàn ṣe ń dìde kò ní agbára nínú. Ó máa dùbúlẹ̀ sẹ́yìn nínú omi, láíìfù jákẹ́ẹ̀tì á gbé e, á gbé gìgísẹ̀ méjèèjì lé etí pákó, á ká eékún mọ́ àyà, á na apá. Ọkọ̀ á fà díẹ̀. Omi á ti pákó náà lẹ́yìn, pákó á yí dìde fúnra rẹ̀ títí tí yóò fi lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ìgbà yẹn ni kó tó dìde. Ẹni tó bá ń bá okùn jà á ṣubú síwájú. Bó bá ti dúró, ẹsẹ̀ iwájú ló ń mú un yá, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń dá a dúró. Bó bá ń fà sẹ́yìn sí ìgbì, kó tẹ ẹsẹ̀ iwájú. Mo gbìyànjú rẹ̀, mo sì dúró. Omi tútù yẹn ń ti ẹsẹ̀ mi láti abẹ́ wá, okùn dẹ̀ lọ́wọ́ mi, ayọ̀ tó wọ inú mi pọ̀ débi tí mo fi ń pariwo bí ọmọdé. Mi ò ní ṣe bí ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí eré yìí. Ó dùn gidigidi, ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nípa rẹ̀ pẹ̀lú ìtara nìyẹn.

Ṣùgbọ́n mo wo ẹ̀yìn. Ìgbì tí mo gùn kò parí nígbà tí mo kúrò lórí rẹ̀. Ó ń lọ sí etí adágún. Bàbá aláwọ̀ funfun kan wà nínú ọkọ̀ kékeré alájẹ̀ tó ń dẹ ìwọ̀, ìgbì náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ rẹ̀ mú. Mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dín eré kù, kí ó sì wa ọkọ̀ lọ sí àárín gbùngbùn, níbi tí omi ti jìn tí ẹnikẹ́ni kò sí.

Àwọn onímọ̀ ti wọn ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2022, ilé àyẹ̀wò omi St. Anthony Falls ti Yunifásítì Minnesota gbé ìwádìí jáde pé ìgbì ọkọ̀ wakesurf nílò ju 500 ẹsẹ̀ bàtà lọ, ìyẹn nǹkan bíi mítà 150, kó tó rọlẹ̀ dé ìwọ̀n ti ọkọ̀ mìíràn. Ìpínlẹ̀ Vermont sọ ọ́ di òfin ní 2024: kí ọkọ̀ jìnnà tó 500 ẹsẹ̀ bàtà sí etí omi, kí omi náà sì jìn tó 20 ẹsẹ̀ bàtà, nítorí pùròpẹ́là ọkọ̀ tó wúwo ń rú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ sókè. Adágún Conroe tí a wà lórí rẹ̀ fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 80, nítorí náà àyè wà láti ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n sé e ní 1973 kí Houston lè máa rí omi lò. Àwọn tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò rẹ̀ kò sì jẹ́ gbàgbé oṣù Kẹjọ ọdún 2017, nígbà tí ìjì Harvey rọ òjò débi pé wọ́n ní láti ṣí ìsénà adágún náà, tí omi tó tú jáde sì kún ẹ̀kún omi tó ti bo àdúgbò Kingwood. Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń sọ ọ́ fún mi ni mo ń rí Ògùnpa.

Ó ti ń bi mí bóyá ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dé Ẹlẹ́yẹlé nígbà tó bá wálé. Mo ní rárá. Ọdún 1942 ni wọ́n sé odò Ọ̀nà níbẹ̀ kí Ìbàdàn lè rí omi mu. Adágún kékeré ni, ewéko ti gba apá kan rẹ̀, ẹrẹ̀ ti kún un, àwọn apẹja sì ń fi ọkọ̀ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ wá oúnjẹ òòjọ́ lórí rẹ̀. Kò sí ibi tí ọkọ̀ tó gbé tọ́ọ̀nù omi kan lè dúró sí lórí rẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan. Mo rò ó fún ọ̀sà Èkó náà. Mákòókò wà níbẹ̀, ilé orí igi, ìyá tó ń tajà nínú ọkọ̀, ọmọ iléèwé tó ń fi àjẹ̀ wa ara rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lórí ọ̀sà, kó wá ibi tó jìnnà sí gbogbo wọn.

Gígun ìgbì fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí etíkun tiwa. Ní 1834, James Alexander, ará Scotland, rí àwọn ọmọkùnrin ní Accra tó ń fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ ikùn, tí wọ́n ń dúró de ìgbì òkun kó gbé wọn wá sétí omi. Kò sí epo nínú rẹ̀. Lónìí àwọn ọ̀dọ́ Tarkwa Bay ní Èkó ń dìde dúró lórí tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú oṣù Kìíní ọdún 2020 àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kúrò nílé wọn níbẹ̀.

Nítorí náà, ètò tí èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe ni pé kó fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní Texas, kó gbé pákó olórí fóòmù wá ní Kérésìmesì, èyí tó ní lẹbẹ mẹ́ta, tó gùn tó sì fẹ̀. A máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay, a máa sanwó fún ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ kó kọ́ wa. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kejì, tí wọ́n wà ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, fẹ́ bá wa lọ. Mo ti sọ fún wọn pé ẹni tí kò bá lè wẹ̀ já láti ìkángun kan odò ìwẹ̀ dé ìkejì kò ní kúrò létí iyanrìn, mo sì ti ń san owó ẹ̀kọ́ ìwẹ̀ wọn láti oṣù tó kọjá.